Bàbá Oníbàálù àti Àga Ẹnu Ọ̀nà

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe títí orí mi fi funfun, ìdáhùn mi kì í gùn: mo máa ń wo apá bàálù. Àwọn kan á rò pé pápákọ̀ òfuurufú ni mo ti ṣiṣẹ́, wọ́n á sì jókòó dáadáa. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n gbádùn rẹ̀ díẹ̀ kí n tó sọ fún wọn pé bàálù tí mò ń sọ kò ju ohun tí ọmọdé lè gbé mọ́ra lọ, pé igi àti bébà la fi ń ṣe é, àti pé kò sí ẹni tó wọ inú rẹ̀ rí àfi aáyán.

Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọ àbúrò mi tó ń jáde ilé ẹ̀kọ́ máa ń wá jókòó tì mí nílé mi ní Sabon Zongo, ní Accra, wọ́n á ní, "Màámi, iṣẹ́ wo ló dára ká kọ́?" N kò mọ iṣẹ́ tó dára. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo mọ̀, ọ̀gá kan ṣoṣo ló sì kọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí níbẹ̀, kí ẹ fi ọgbọ́n tiyín kún un.

Orúkọ ọ̀gá mi ni Gàníyù. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Accra ni wọ́n bí i sí, bí wọ́n ṣe bí èmi náà. Àwọn ará Ghana ń pè wá ní Alata, àwọn mìíràn ní Anago. Òun ní tirẹ̀, Papa Plane ni gbogbo ọjà Tudu ń pè é, àwa Yorùbá sì ń pè é ní Bàbá Oníbàálù. Káfíńtà ni tẹ́lẹ̀, àga àti bẹ́ẹ̀dì ló ń kàn. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan gbé bàálù ìṣeré ọmọ rẹ̀ tó ti ṣẹ́ wá, ó ní kó bá òun lẹ̀ ẹ́. Bàbá lẹ̀ ẹ́ tán, ó jù ú sókè láti dán an wò, ó sì dúró tó ń wò ó bó ṣe ń lọ. N kò mọ̀ bóyá ẹni tó ni bẹ́ẹ̀dì tó ń kàn lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà rí i gbà títí dòní.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní ìtàn nínú. Ó ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́ tí yóò máa lẹ bébà. Ìyá mi, tó ń ta aṣọ òkìrìkà ní ọjà Odawna, fẹ́ kí n wá dúró ti òun. Ó ní, "Ràbí, ìṣeré lo fẹ́ kọ́? Ṣé ìṣeré la ó máa sè jẹ?" Ó bínú títí, ó rẹ̀ ẹ́, ó fi mí sílẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá wà ní Tudu, lẹ́yìn àwọn tó ń ta mílíìkì àti súgà, níbi tí ariwo àwọn tó ń pe èrò sí ọkọ̀ trotro kì í ti dákẹ́. Oríṣi iṣẹ́ méjì là ń ṣe. Àwọn ọ́fíìsì tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú máa ń fẹ́ bàálù onígi tí wọ́n á gbé sójú fèrèsé. Ìyẹn kò le. Igi àrẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní wawa níbí, la fi ń gbẹ́ ẹ, a ó fi sáńpépà dán an, a ó kùn ún. Kò ní fò, nítorí náà kò sẹ́ni tí yóò mọ àṣìṣe rẹ̀. Èkejì ni èyí tó ń fò. Ọparun àti igi fẹ́lẹ́ ni egungun rẹ̀. A ó fi bébà tó tinrín bò ó, a ó wọ́n omi sí i kí ó lè fà, a ó sì fi oje kùn ún kí ó lè le. Rọ́bà tí a lọ́ ló ń gbé àwọn kan fò. Ẹ́ńjìnnì kékeré ló wà nínú àwọn mìíràn. Àwọn tó ń rà á jẹ́ ọ̀gá báńkì, tíṣà àti pásítọ̀, tí wọ́n máa ń pàdé ní pápá kan lẹ́bàá òkun ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Àgbàlagbà ni gbogbo wọn o! Ẹ bi wọ́n, wọ́n á ní ọmọ àwọn làwọn ń rà á fún.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí Bàbá kọ́ mi ni ojú ọjọ́. Nígbà òjò, bébà á mu ìrì, á dẹ̀. Nígbà ọyẹ́, á fà títí ọparun á fi tẹ̀. Bí o bá lẹ apá ọ̀tún lọ́jọ́ òjò, tí o wá lẹ ti òsì lọ́jọ́ oòrùn, bàálù rẹ ti yarọ kó tó kúrò nílẹ̀. Ọjọ́ kan náà la gbọ́dọ̀ lẹ méjèèjì, omi inú abọ́ kan náà la gbọ́dọ̀ wọ́n sí wọn, a ó sì fi píìnì kàn wọ́n mọ́ pátákó títí wọ́n á fi gbẹ, ẹni yòówù kó máa kánjú lẹ́nu ọ̀nà. Bí o bá tú u kó tó gbẹ, yóò yí bí ewé tí oòrùn pa. Mo lẹ bébà, mo ya á, mo tún un lẹ̀, títí mo fi ń rí bébà lójú àlá. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀sọ̀ náà ló ṣòro láti kọ́.

Àga kan wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ń gbà wọlé. Bàbá nìkan ló ń jókòó síbẹ̀. Láràárọ̀, kí a tó fi ẹnu kan nǹkan, àwa ọmọ iṣẹ́ á tò síwájú rẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú apá tó ṣe. Bàbá á gba apá náà, á gbé e dé ọ̀gangan ojú, á di ojú kan, á wá fi èkejì wo etí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ etí iwájú. Kò ní sọ ohun tó rí. Ẹni tó ṣe é ló máa kọ́kọ́ gbé e fún pé, "Kí lo rí?" Ìdáhùn méjì ló wà: ó gún, tàbí ó wọ́. Bí ó bá wọ́, tí o sì sọ pé ó wọ́, Bàbá á fọ́ ọ lórí orúnkún rẹ̀, wàá sì lọ ṣe òmíràn. Bí ó bá wọ́, tí o wá ní ó gún, á fọ́ ọ, kò sì ní bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Mo bi í nígbà kan ìdí tí a kò fi lè ya apá tó wọ́ sí iná kó nà. Ó ní, "Èyí tí a fi iná nà, bí ọyẹ́ bá dé, á rántí ibi tó ti ń bọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, Ràbí. Èmi ni àgbà ọjà yìí."

Gbogbo èyí tó bá fọ́, Hajia tó ń se wàákyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a jọ sè pọ̀, ní òdìkejì wa ló ń gbà á dáná. Igi tó fúyẹ́ ni, oje sì wà lára rẹ̀, nítorí náà ó ń tètè gbiná. Bí ó bá ti gbọ́ "kàá!" láti ṣọ́ọ̀bù wa, á fi Hausa kí mi kú iṣẹ́ pé, "Sannu da aiki, Ràbí! Ẹ mú un wá o!" Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo gbà pé èmi nìkan ni mo se gbogbo wàákyé tí wọ́n jẹ ní Tudu.

Àga yẹn ni mo fẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, kò sí pé a ń gba òmìnira pẹ̀lú àdúrà àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò bíi tàwọn télọ̀. Ọjọ́ tí Bàbá bá dìde fún ọ, tí o jókòó síbi ìmọ́lẹ̀, tí o sọ ohun tí o rí tí òun kò sì tún un wò, ọjọ́ náà lo di ọ̀gá. Kwame ló ṣáájú mi. Ọmọ Ashanti ni, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ Yorùbá débi pé ó ń fi bú mi. Ọwọ́ rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Gbogbo wa mọ̀ pé òun ni àga náà máa kọ́kọ́ kàn.

Ohun tó bà á jẹ́ kò pẹ́ kó tó ṣẹlẹ̀. Oníbàárà wa kan wà, Alàgbà Adéoyè, ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ ọ̀gá ní báńkì, èèyàn jẹ́jẹ́. A ṣe bàálù ẹlẹ́ńjìnnì kan fún un, Bàbá wò ó, ó gún. Alàgbà gbé e lọ, ó fi sẹ́yìn mọ́tò nínú oòrùn títí ọjọ́ Àìkú fi dé. Lọ́jọ́ náà Bàbá lọ síbi ìsọmọlórúkọ, èmi àti Kwame la lọ sí pápá. Èmi wà ní òdìkejì, mò ń bá tíṣà kan lọ́ rọ́bà. Alàgbà kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì wá wò ó, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun. Ó gbé bàálù náà fún Kwame, ó ní, "Kwame, bá mi wò ó, kó o jẹ́ kí àwọn èèyàn mi rí nǹkan."

Kwame gbé e sójú. Oòrùn ti yí apá òsì. Ó rí i. Ó wo Alàgbà, ó wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n dúró tì í tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní, "Ó gún, sà."

Bàálù náà gbéra dáadáa. Lẹ́yìn náà ó fì sí òsì, ó ń fì, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó kọjá lórí àwọn aláṣọ funfun, ó sì lọ bá ọmọbìnrin kan tó ń ta omi dídì létí pápá. Dédé lorúkọ ọmọ náà. Abẹ̀bẹ̀ iwájú bàálù ló gé e lókè ojú. Mo gbọ́ igbe ìyá rẹ̀, "Ao! Mi bi! Mi bi!" Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtumọ̀ "ọmọ mi" ní èdè yòówù kó jẹ́. Alàgbà fúnra rẹ̀ ló gbé wọn sínú mọ́tò lọ sí ọsibítù, ẹ̀jẹ̀ sì bo aṣọ funfun rẹ̀. Ọlọ́run yọ ọmọ náà, ojú rẹ̀ kò fọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá lọ sísàlẹ̀ bí ìbú ìka kan péré, n kì bá máa sọ ọ́ báyìí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá jókòó sórí àga. Kò gba apá kankan lọ́wọ́ wa. Ó ní, "Kwame, kí lo rí?"

Kwame ti kúnlẹ̀. "Papa, me pa wo kyɛw, mo bẹ̀ yín. Ó wọ́. Mo rí i."

"Kí ló dé tí o ní ó gún?"

"Àgbàlagbà ni, Papa. Àwọn èèyàn ẹ̀ ń wò wá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dójú tì í?"

Mo rò pé Bàbá máa nà án. Kò nà án. Ó ní, "Àpọ́nlé dára. Ẹ fi máa kí mi láàárọ̀. Ẹ fi bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi wo apá. Afẹ́fẹ́ ò mọ àgbà."

Ó dìde, ó mú Kwame, mo tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ìyá Dédé, Bàbá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún obìnrin tó lè bí lọ́mọ. Kò dárúkọ Kwame, bẹ́ẹ̀ ni kò dárúkọ Alàgbà. Ó ní, "Láti ṣọ́ọ̀bù mi ló ti wá." Ojú tì mí lọ́jọ́ náà ju bí ó ṣe tì mí rí lọ, bẹ́ẹ̀ n kò sì ṣe nǹkan kan. Bàálù ẹlẹ́ńjìnnì kankan kò jáde ní ṣọ́ọ̀bù wa títí ọgbẹ́ ọmọ náà fi jinná.

Kwame kò pẹ́ mọ́ lọ́dọ̀ wa. Bàbá kò lé e. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀, bàálù ojú fèrèsé, èyí tí kì í fò, ló sì ṣe títí ó fi darúgbó.

Irinṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Gúlù tí a ń dúró dè mọ́jú di èyí tó ń gbẹ kó o tó parí Bísímílà, ó sì ń lẹ ìka mọ́ra bákan náà. Fóòmù dé, ó lé ọparun lọ. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó máa ń dọ̀tí aṣọ wa di bátìrì tí wọ́n ń gba iná sí. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í ra bàálù tí wọ́n ti ṣe tán láti China, wọ́n á wá gbé e wá fún wa tó bá fọ́. Àwọn ọ́fíìsì tíkẹ́ẹ̀tì ti ilẹ̀kùn, nítorí orí fóònù ni gbogbo èèyàn ti ń rà á. Lẹ́yìn ìyẹn ni dúróònù dé, èyí tó ń ya fọ́tò níbi ìgbéyàwó. Wọ́n gbé ọ̀kan wá han Bàbá. Ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó fi ọwọ́ kàn án yíká, ó ní, "Ẹ̀fọn ni. Kò lápá. Kí ni n ó wò lára ẹ̀?"

Mo ní ó fi ọwọ́ kàn án, nítorí ojú rẹ̀ ti ń lọ nígbà náà. Àwọn dókítà ní àìsàn tó ń jí ìríran gbé díẹ̀díẹ̀ ni, pé èyí tó ti lọ kò ní padà. Ṣùgbọ́n kò kúrò lórí àga. Láràárọ̀ ó ṣì ń jókòó síbẹ̀, á gba apá, á gbé e sókè bí ó ti máa ń ṣe, á wá nà án sí mi lórí àpótí kékeré tí mo ti ń lẹ bébà láti ọjọ́ yìí wá. "Ràbí, kí lo rí?" Mo bá sọ pé ó gún, òun náà á ké e sókè pé, "Ó gún!" Wọ́n á di bàálù fún oníbàárà. Ojú tèmi, ẹnu tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: inú ń bí mi. Orí mi ti ń hu ewú, mo ti kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ti lọ dá dúró, àpótí ọmọ iṣẹ́ ni mo ṣì ń jókòó sí. Ìyá mi, kó tó kú, máa ń bi mí pé, "Ọ̀gá rẹ ń kọ́? Ṣé kò tíì rẹ̀ ẹ́ láti jókòó?" Mo máa ń dá a lóhùn pé jíjókòó kì í rẹ èèyàn.

Ẹgbẹ́ àwọn tó ń mú bàálù fò lọ́jọ́ Àìkú wá pinnu pé àwọn fẹ́ yẹ́ Bàbá sí. Wọ́n fẹ́ kí bàálù tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde fò ní pápá, ọparun àti bébà, bíi ti àtijọ́. Inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé. Ilé rẹ̀ ní Sabon Zongo ló ti ṣe é, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́, ìka ló fi ń wá ojú. Nígbà tó ku ọ̀la, ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó fi ìró ìyàwó rẹ̀ wé e. Àwọn ẹgbẹ́ ti pé, wọ́n gbé fóònù sókè. Kwame náà wá, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Dédé wá, ó ti di ìyá ọlọ́mọ, àpá ṣì wà lókè ojú rẹ̀, ó sì gbé kẹ́ńkè, oúnjẹ àgbàdo bí ẹ̀kọ, wá fún Bàbá bó ṣe máa ń ṣe bí ó bá wá kí i.

Bàbá jókòó sórí àga. Ó tú ìró náà. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Bàálù náà rẹwà, bébà rẹ̀ pupa fòò. Ó tú apá rẹ̀, ó gbé e dé ojú tí kò ríran mọ́, ó wá nà án sí mi. "Ràbí, kí lo rí?"

Mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ti ọ̀tún gún. Ti òsì, níbi tó kù díẹ̀ kó dé ìparí, yí wálẹ̀ bí ìnípọn èékánná. Mo tún un wò. Mo gbójú sókè, Kwame ń wò mí, ó sì ń rọra mi orí: má sọ ọ́. Ó mọ ohun tí mo rí, nítorí ó ti rí irú rẹ̀ rí. Dédé ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò mọ nǹkan kan.

Mo ní, "Ó wọ́, Bàbá."

Alága ẹgbẹ́ sún mọ́ mi, ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, fún ayẹyẹ lásán ni. Kò ní jìnnà."

Bàbá ní, "Ràbí ni mo bi. Apá wo?"

"Ti òsì, Bàbá. Níbi tó fẹ́ parí."

Ó fi àtàǹpàkò tọ etí apá náà lọ, ó tọ̀ ọ́ bọ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ mi ò rí i."

"Ojú mi rí i, Bàbá."

Títí dòní, àwọn kan ń sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ yí i ni, pé ó fẹ́ dán mi wò. Èmi tí mo wà níwájú rẹ̀ mọ̀ pé kò mọ̀. Mo rí bó ṣe tún padà fi àtàǹpàkò wá ibẹ̀. Ó wá na apá náà sí mi. "Fọ́ ọ."

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọ́ ọ fúnra yín."

"Ẹni tó bá rí i ló ń fọ́ ọ."

Mo fọ́ ọ lórí orúnkún mi. Kàá! Kwame yíjú sí ìta. N kò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi, bẹ́ẹ̀ n kì í ṣe ẹlẹ́kún.

Bàbá dìde lórí àga. Ó fi ọwọ́ tọ ara ògiri lọ títí ó fi dé ibi àpótí mi, ó jókòó sórí rẹ̀, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Kí lẹ dúró tí ẹ ń wò? Ilẹ̀ ti mọ́ tipẹ́. Ràbí, jókòó síbi ìmọ́lẹ̀, kí iṣẹ́ ó bẹ̀rẹ̀." Mo jókòó. Wọ́n gbé apá bàálù mìíràn wá láti orí pátákó, mo wò ó, mo ní ó gún. Bàbá kò ní kí wọ́n gbé e wá fún òun. Bàálù yẹn ló fò ní pápá lọ́jọ́ kejì dípò ti Bàbá.

Hajia ti kú nígbà náà, ọmọ rẹ̀ ló ń se wàákyé. Ó gbọ́ ìró, ó wá kó igi náà lọ. Ní ọ̀sán, mo gbé abọ́ wàákyé fún Bàbá lórí àpótí. Ó jẹ ẹ́ pẹ̀lú kẹ́ńkè Dédé lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí abọ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ó ní, "Wàákyé yìí jinná dáadáa. Igi ta ni wọ́n fi sè é?"

"Tiyín ni, Bàbá."

Ó ní, "Ó hàn," ó sì na abọ́ sí mi kí n lọ bù sí i.